Kíkọ́ ilé ìwé tó bá oòrùn àti òjò Òṣogbo mu: ìbéèrè àti ìdáhùn

Iṣẹ́ ìkọ́lé ni iṣẹ́ mi, mo sì ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ilé ìwé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nílùú Òṣogbo yìí. Ẹnu àwọn òbí, olùkọ́ àti àwọn tó ni ilé ìwé aládàáni ni mo ti gbọ́ àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí: níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́, nídìí iyanrìn níbi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù, àní nínú mọ́tò láti Ọjà Ọba sí Òkè-Baálẹ̀. Mo kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé fún ọmọ ọlọ́mọ lè kà á kó tó pe bíríkìlà.

Ẹ máa ń sọ pé "ilé tó tọ́jọ́". Ṣé ilé wo ni kì í tọ́jọ́?

Ilé lè dúró pẹ́ kó sì máa jẹ ẹni tó ni ín run. Owó tí wọ́n fi kọ́ ọ ti tán, àmọ́ lóṣooṣù ló ń bèèrè tirẹ̀: epo jẹnẹrétọ̀, omi táńkà, páànù tó ń jò, ọ̀dà tó ń ṣí, ògiri tó sán. Ilé ìwé tó tọ́jọ́ lójú tèmi ni èyí tó ń gba ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn lọ́fẹ̀ẹ́, tó ń tọ́jú omi òjò dípò kó jẹ́ kí òjò máa wa ìpìlẹ̀ rẹ̀, tí ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ kò wá láti ọ̀nà jíjìn, tí bíríkìlà àti káfíńtà àdúgbò sì lè tún ṣe nígbà tó bá bàjẹ́. Àwọn ọmọ tó ń jókòó nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè gbọ́ ohùn olùkọ́, kí òógùn má sì máa ro sórí ìwé wọn. Bí ilé bá ní gbogbo sólà ayé lórí tí àwọn ọmọ ń sùn lọ nítorí ooru, kò tíì ṣe ohun tí a kọ́ ọ fún.

Ṣé kì í ṣe nǹkan olówó nìyẹn? Ilé ìwé wa ò lówó.

Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Apá tó wúlò jù nínú ọ̀rọ̀ yìí kò gba kọ́bọ̀, nítorí orí ìwé ni a ti ń ṣe é, kí a tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Sólà, táǹkì àti gílóòbù LED wúlò, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń bọ̀. Àwọn tó ń fi wọ́n ṣáájú ló máa ń sọ pé owó rẹ̀ pọ̀.

Ibo ló yẹ kí ilé kọjú sí?

Bí ẹ kò bá mú ju ohun kan lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mi, ẹ mú èyí. Ẹ jẹ́ kí gígùn ilé nà láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn. Kí fèrèsé wà níhà àríwá àti níhà gúúsù. Kí ẹ̀gbẹ́ tó kúrú, tí kò ní fèrèsé tàbí tí tirẹ̀ kéré, wá kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ àti ibi tó ń wọ̀ sí.

Òṣogbo kò jìnnà sí agbedeméjì ayé rárá. Lọ́sàn-án gangan, orí wa ni oòrùn máa ń wà. Ó kàn ń yẹ̀ díẹ̀ sí àríwá lóṣù kẹfà, sí gúúsù lóṣù kejìlá. Oòrùn orí kì í ṣe ìṣòro, etí òrùlé tó yọ jáde dáadáa ti tó láti dí i. Ti àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ló le, nítorí ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń gbà wọlé, abẹ́ òrùlé ni wọ́n ń bá kọjá. Ti ìrọ̀lẹ́ ló burú jù, torí ògiri àti afẹ́fẹ́ ti gbóná láti àárọ̀ kó tó dé.

Mo ti wà nínú ìgbìmọ̀ kan tí ẹni tó ni ilé ìwé ti ní dandan ni kí iwájú ilé kọjú sí títì, kí àwọn tó ń kọjá lè rí i. Ìwọ̀ oòrùn ni títì ọ̀hún wà. A sọ̀rọ̀ títí, a ò borí. Nígbà tí ilé parí, mo lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì kan ní aago kan ọ̀sán. Kó tó di aago méjì, àwọn ọmọ tó wà nídìí fèrèsé ti ń fa bẹ́ǹṣì wọn díẹ̀díẹ̀ sí ìhà ẹnu ọ̀nà, wọn ò sọ̀rọ̀, wọn ò tọrọ àyè, bí ìgbà tí ìyẹn náà wà nínú ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí agogo ìparí fi máa lù, ìdajì kíláàsì ti ṣófo, wọ́n ti fún ara wọn mọ́ ìdajì kejì. Olùkọ́ ò bá wọn wí, ó ti mọ́ ọn lára. Lẹ́yìn ọdún méjì ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún iwájú ilé náà, pẹ̀lú òpó, dẹ́kì àti páànù tuntun. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nígbà tó wà lórí ìwé, pẹ́ńsùlù àti rọ́bà ìpàwérẹ́ là bá fi yí i padà.

Bí ilẹ̀ yín kò bá gba kí ilé nà bí mo ṣe wí, ẹ kó àtẹ̀gùn, yàrá ìkẹ́rùsí àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ sí ìhà ìwọ̀ oòrùn, kí wọ́n máa gba ìyà oòrùn fún àwọn ọmọ. Ẹni tó bá ti dé ọgbà OAU ní Ilé-Ifẹ̀ yóò ti rí ọgbọ́n mìíràn. Arieh Sharon, ayàwòrán ilé láti Ísírẹ́lì, ló ya àwòrán ọgbà náà ní àwọn ọdún 1960. Ní àwọn ilé Humanities, àjà òkè gbòòrò ju ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ dókè, tí àjà kọ̀ọ̀kan ń ṣíji bo èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kò jìnnà sí wa. Ẹ kó ìgbìmọ̀ yín sínú mọ́tò kan, ẹ lọ dúró lábẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án.

Fèrèsé wo ló dára jù?

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí. Lúfà tí gbogbo ènìyàn ń yọ dànù kí wọ́n lè fi fèrèsé gíláàsì tí wọ́n ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́pò rẹ̀, òun gan-an ló bá kíláàsì mu. Fèrèsé tí a ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, bó ti wù kó fẹ̀ tó, ìdajì rẹ̀ ló lè ṣí. Gíláàsì kejì á máa dí ìdajì tó kù. Lúfà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí tán pátá. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀, ẹ lè yí i wálẹ̀ díẹ̀ kí atẹ́gùn ṣì máa wọlé. Òótọ́ ni pé ó máa ń fọ́, eruku ọyẹ́ sì ń gbà á wọlé, ṣùgbọ́n ewé gíláàsì kan ni ẹ ó rà, kì í ṣe odidi fèrèsé.

Fèrèsé gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí wọ́n kọjú síra wọn. Bí atẹ́gùn bá wọlé tí kò rí ibi jáde, kò ní wọlé mọ́. Àwọn ilé tí Maxwell Fry àti Jane Drew, àwọn ayàwòrán ilé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yà fún Yunifásítì Ìbàdàn nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ni kò fẹ̀ ju yàrá kan lọ, kí atẹ́gùn lè gba àárín kọjá. Ẹ jẹ́ kí ìsàlẹ̀ fèrèsé wálẹ̀ tó kí ọmọ tó jókòó lè rí nínú atẹ́gùn náà, kí ẹ sì ṣí ihò sókè ògiri fún afẹ́fẹ́ gbígbóná láti jáde.

Àwa ará Òṣogbo kò gbọdọ̀ gbàgbé ògiri oníhò. Adébísí Àkànjí, tó ti ṣe bíríkìlà kí ayé tó mọ̀ ọ́n sí oníṣẹ́ ọnà, ọ̀gá ni nídìí ògiri sìmẹ́ńtì oníhò tí ènìyàn àti ẹranko dúró sí lára. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé á dí oòrùn, á gba atẹ́gùn láàyè, á sì jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ ìlú tí wọ́n wà.

Bí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, a kì í gbọ́ ohùn olùkọ́. Tí oòrùn bá sì ràn, inú ilé á dà bí ààrò. Kí la lè ṣe?

Ibì kan náà ni ìyà méjèèjì ti ń wá. Páànù lásán, láìsí àjà lábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe òrùlé fún kíláàsì. Ẹ fi àjà sí i, kí ẹ sì jẹ́ kí àlàfo àárín páànù àti àjà ní ihò ní etí méjèèjì kí afẹ́fẹ́ máa la ibẹ̀ kọjá. Ọ̀pọ̀ káfíńtà máa ń dí i pa nítorí ẹyẹ àti àdán. Nẹ́ẹ̀tì onírin ló yẹ kí wọ́n fi bò ó.

Ẹni tó ṣe é dé góńgó ni Diébédo Francis Kéré, ọmọ abúlé Gando ní Burkina Faso. Ní 2001, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó yà fún abúlé rẹ̀ parí. Àwọn ará abúlé fúnra wọn ló kọ́ ọ. Búlọ́ọ̀kù amọ̀ ni ògiri àti àjà rẹ̀. Páànù wà lókè téńté, orí irin ni wọ́n gbé e lé kúrò lára àjà, ó sì yọ etí jáde gan-an. Ooru inú kíláàsì á gba àwọn ihò ara àjà jáde, atẹ́gùn á sì gbé e lọ. Ní 2022, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Pritzker, èyí tó ga jù fún àwọn ayàwòrán ilé. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Burkina Faso gbóná ju Òṣogbo lọ, kò sì sí ẹ̀rọ amúlétutù nínú ilé ìwé náà.

Páànù tó funfun tàbí tó ń dán ń dá oòrùn padà ju èyí tó dúdú tàbí tó pọ́n lọ. Mo mọ̀ pé aláwọ̀ ló wu ènìyàn. Ẹ kun géètì ní àwọ̀ tó wù yín.

Ṣé amọ̀ lẹ wá fẹ́ ká fi kọ́lé fún ọmọ wa láyé òde òní?

Mo mọ ohun tó wà lẹ́yìn ìbéèrè yìí. Inú ilé amọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti jáde, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n ní òun padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá yín àgbà lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, bí ara ṣe máa ń tuni tí a bá ti wọlé. Amọ̀ kọ́ ló ba àwọn ilé wọ̀nyẹn jẹ́. Omi ni. Etí òrùlé kúrú, ìpìlẹ̀ kò ga kúrò nílẹ̀, òjò ń ta sí ìdí ògiri. Ẹ wo Igbó Ọ̀ṣun níbí, tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú yìí fi amọ̀ àti sìmẹ́ńtì mọ ojúbọ àti ère ńláńlá síbẹ̀. Iṣẹ́ náà gbé ìlú wa ga, àmọ́ ibi tí òjò bá ti ń lù ú, tí ikán sì ti dé, àtúnṣe kì í tán níbẹ̀.

Ohun tí mò ń sọ yàtọ̀ sí ògiri tí wọ́n ń fẹsẹ̀ po. Ilẹ̀ pupa ni, tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n pò mọ́ sìmẹ́ńtì díẹ̀, nǹkan bí 5 sí 8 nínú 100, tí wọ́n wá fi ẹ̀rọ tẹ̀ di búlọ́ọ̀kù. Raúl Ramírez ló ṣe ẹ̀rọ alọ́wọ́ àkọ́kọ́ tó gbajúmọ̀ fún un ní Kòlóńbíà ní 1956, CINVA-Ram ni wọ́n ń pè é. Ní Nàìjíríà, NBRRI, àjọ ìjọba tó ń ṣe ìwádìí nípa ilé àti ọ̀nà, tó ní ibùdó ní Ọ̀tà, ti ń wàásù búlọ́ọ̀kù yìí tipẹ́. Demas Nwoko, ayàwòrán ilé àti oníṣẹ́ ọnà ọmọ Nàìjíríà, náà ti ń pò ilẹ̀ pupa mọ́ sìmẹ́ńtì láti fi kọ́lé láti bí 50 ọdún sẹ́yìn. Ní 2023, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà (Golden Lion) níbi àfihàn iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ilé ní Venice nítorí iṣẹ́ ayé rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ló dára fún un. Ẹ gbẹ́ kọjá ilẹ̀ dúdú òkè títí ẹ ó fi dé ibi tó pọ́n. Ẹ bu díẹ̀ sínú ike omi tó mọ́ gaara, kó dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ bu omi kún un, ẹ mì í dáadáa, ẹ gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Iyanrìn á lọ sísàlẹ̀, amọ̀ kíkúnná á wà lókè, ẹ ó sì rí ìlà wọn kedere bí ìlà aṣọ. Iyanrìn ló yẹ kó pọ̀ jù. Bí amọ̀ bá ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, búlọ́ọ̀kù á sán. Bó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, kò ní dì mọ́ra. Tí ẹ bá wá pò ó tán, ẹ bù ú kún ọwọ́, ẹ fún un pọ̀ bí bọ́ọ̀lù, kí ẹ jẹ́ kó já bọ́ láti ọ̀gangan àyà sórí ilẹ̀ líle. Bó bá fọ́ sí mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún, omi rẹ̀ ṣe déédéé. Bó bá tú ká bí gàrí, omi ò tó. Bó bá lẹ̀ mọ́lẹ̀ láìfọ́, omi ti pọ̀ jù. Mo ti rí ọmọ JSS 1 tó mọ ìdánwò yìí ju àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tẹ búlọ́ọ̀kù lọ. Ọ̀sẹ̀ kan ló fi wò wọ́n ní ìsinmi ọ̀sán.

Mo tún ní láti sọ òótọ́ kan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé búlọ́ọ̀kù yìí kì í jẹ sìmẹ́ńtì. Nígbà tí mo ṣírò iye sìmẹ́ńtì tó wọ ògiri tó gùn ní mítà kan tó sì ga ní mítà kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti búlọ́ọ̀kù oníhò àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù lẹ́bàá ọ̀nà dọ́gba. Ibi tí èrè wà ni pé ẹ kò ní rẹ́ ògiri náà nínú àti lóde, ẹ kò ní kùn ún lọ́dọọdún, ẹ kò sì ní san owó tipa iyanrìn láti ọ̀nà jíjìn. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tó ń wọnú ara rẹ̀, ẹ tún bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ sìmẹ́ńtì tí a fi ń tò ó.

Ṣé ẹ kórìíra sìmẹ́ńtì ni?

Rárá o. Ìpìlẹ̀, òpó àti dẹ́kì ń fẹ́ ẹ, kò sì sí ohun tó rọ́pò rẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ nínú iná tó tó 1,450 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ni wọ́n ti ń sun òkúta rẹ̀, òkúta náà fúnra rẹ̀ á sì tú èéfín kábọ́nì jáde bó ṣe ń jóná. Nǹkan bí 7 sí 8 nínú 100 èéfín kábọ́nì tí ọmọ ènìyàn ń tú sí ojú ọ̀run ló ń wá láti ìdí sìmẹ́ńtì. Ẹ lò ó níbi tó ti níṣẹ́ ṣe.

Omi òjò orí òrùlé wa, ṣé ó tó ohun tí ènìyàn ń gbé táǹkì sí?

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Òjò mìlímítà kan lórí ibi tó gùn ní mítà kan tó sì fẹ̀ ní mítà kan, lítà omi kan ni. Òrùlé tó gùn ní mítà 30, tó fẹ̀ ní mítà 8, 240 irú ibẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Òjò Òṣogbo máa ń ju 1,200 mìlímítà lọ lọ́dún. Bí a bá yọ ìdá kan nínú márùn-ún fún èyí tó ta dànù, yóò ku nǹkan bí 230,000 lítà. Òjò gidi kan ṣoṣo tó tó 30 mìlímítà á kún táǹkì 5,000 lítà, á sì ṣẹ́ kù.

Gọ́tà ni kí ẹ fi ojú sí jù. Ó gbọ́dọ̀ dagun díẹ̀ sí ìhà ibi táǹkì, kí nẹ́ẹ̀tì wà lẹ́nu páìpù, kí wọ́n sì máa gbọ́n ewé inú rẹ̀. Omi tó kọ́kọ́ dé lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ táǹkì, torí eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹ ló ń fọ̀. Ẹ ya páìpù kan sọ́tọ̀ tí yóò gba ìyẹn, kí ẹ máa ṣí ìdí rẹ̀ dànù. Táǹkì gbọ́dọ̀ dé pa, kí oòrùn má wọ inú rẹ̀, kí ẹ̀fọn má sì rí ibi yé sí. Omi yìí wà fún ọwọ́ fífọ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ilẹ̀ nínù àti ọgbà ẹ̀fọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mu ún gbọ́dọ̀ sè é tàbí kó fi oògùn omi sí i. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, kànga ni ẹ ó padà sí, nítorí náà ẹ má ta ẹ̀rọ kànga yín.

A ò jìnnà sí odò. Ṣé a ò lè máa fa omi rẹ̀?

Omi Ọ̀ṣun tí àwọn ìyá wa mọ̀ ti yí padà. Ìwakùsà wúrà lókè odò ti sọ ọ́ di pupa bí omi ilẹ̀. Kò yẹ fún ọmọ. Ẹ má sì kọ́ ilé sún mọ́ bèbè odò tàbí ojú àgbàrá, bó ti wù kí owó ilẹ̀ ibẹ̀ kéré tó.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mélòó ló yẹ ká ní?

Ìlànà àjọ ìlera àgbáyé WHO fún ilé ìwé ni ẹyọ kan fún ọmọbìnrin 25. Fún ọmọkùnrin, ẹyọ kan àti ibi ìtọ̀ kan fún 50. Mo ti wọ ilé ìwé tí iyàrá mẹ́rin wà fún ọmọ tó ju 400 lọ, tí olùkọ́ sì fi kọ́kọ́rọ́ ọ̀kan nínú wọn sápò. Ẹ jẹ́ kí omi àti ibi ìdalẹ̀nù onídèérí wà nínú ti àwọn ọmọbìnrin. Àwọn tó ti ń ṣe nǹkan oṣù máa ń jókòó sílé tí kò bá sí i, ẹnikẹ́ni kì í sì bi wọ́n léèrè ìdí. Ẹ fi ṣáláńgá tàbí sọ́kàwéè jìnnà sí kànga, mítà 30 ó kéré tán, kí ó sì wà níhà ìsàlẹ̀ ilẹ̀, kì í ṣe òkè.

Sólà ńkọ́? Iná ìjọba ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, epo sì ti gbówó lórí.

Láti oṣù karùn-ún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo, ìbéèrè yìí ló wọ́pọ̀ jù. Ilé ìwé ní oore kan tí ilé gbígbé kò ní: ọ̀sán ló ń lo iná, ìgbà tí oòrùn wà gan-an. Bátìrì ló máa ń wọ́n, òun náà ló sì kọ́kọ́ ń kú. Ẹ ò nílò bátìrì ńlá.

Kíláàsì kan tó ní fáànù mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ wáàtì 70, àti gílóòbù LED mẹ́fà oní-wáàtì 10, yóò jẹ wáàtì 340. Bí wọ́n bá fi wákàtí mẹ́fà lò ó, nǹkan bíi yúnìtì méjì ni. Kíláàsì mẹ́fà, yúnìtì 12. Páńẹ́ẹ̀lì 10 oní-wáàtì 400 lè mú bíi yúnìtì 13 wá lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa. Lóṣù keje àti ikẹjọ tí ojú ọ̀run ń ṣú, yóò dín kù, àmọ́ ìgbà yẹn náà ni ooru dín kù tí àwọn ọmọ sì ń lọ ìsinmi. Bí fèrèsé bá dára, ẹ tiẹ̀ lè máà tan gílóòbù lọ́sàn-án rárá. Ẹ ní kí ẹni tó ń gbé e sókè lo irin tí ìjì kò lè tú, kí ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí yóò máa nu eruku ọyẹ́ kúrò lójú páńẹ́ẹ̀lì.

Ẹ̀rọ amúlétutù fún yàrá kọ̀ǹpútà?

Ẹ kọ́kọ́ gbé yàrá náà sí ìhà àríwá ní ìsàlẹ̀ ilé, kí ẹ sì fi fáànù dán an wò. Ẹ̀rọ kan oní-1 hp ń jẹ iná fáànù tó ju mẹ́wàá lọ.

A fẹ́ fi interlock bo gbogbo ọgbà kó lè mọ́ tónítóní. Ṣé ó dáa?

Kò dáa. Ilẹ̀ tí a bò pa kì í mu omi. Gbogbo òjò á di àgbàrá, á sì wọ ilé aládùúgbò. Lọ́sàn-án, òkúta yẹn á máa tú ooru sínú kíláàsì. Ẹ fi sí ojú ọ̀nà tí wọ́n ń rìn, kí ẹ jẹ́ kí koríko wà níbi tó kù.

Ẹ gbin igi síhà ìwọ̀ oòrùn. Máńgòrò, dóńgóyárò àti frúùtù ń ṣíji dáadáa, àwọn ọmọ á sì rí nǹkan jẹ lára méjì nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jìnnà sí ìpìlẹ̀, mítà mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igi ọ̀dán kò gbọdọ̀ sún mọ́ ilé rárá, nítorí gbòǹgbò rẹ̀.

Ilé àtijọ́ wà nínú ọgbà wa. Ká wó o?

Ẹ má tíì wó o. Ilé tí kò wó kò gba sìmẹ́ńtì tuntun. Bí ìpìlẹ̀ àti ògiri bá ṣì le, òrùlé, fèrèsé àti àjà ni ẹ ó fi owó sí. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní: síìlìnì àti páànù àtijọ́ kan ní asbestos nínú. Bó bá wà láìfọ́, kì í ṣe nǹkan, àmọ́ eruku rẹ̀ ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró àti jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ẹnikẹ́ni má fi òòlù fọ́ ọ, kí wọ́n má fi ọwọ̀ gbá a ní gbígbẹ. Ìgbà tí ọmọ kankan kò sí nílé ìwé ni kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe wá, kó fi omi rin ín, kó yọ ọ́ lódidi, kó wé e sínú nylon tó nípọn.

Ọmọ tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláìlẹ́sẹ̀ ńkọ́?

Bí ilé bá ga kúrò nílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, ọ̀nà dídagun rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn tó mítà 3.6. Ẹ yà á sínú àwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀. Àfikún ẹ̀yìn ọ̀la máa ń dagun jù, tí kò sẹ́ni tó lè gùn ún.

Ṣé òfin kankan wà fún nǹkan wọ̀nyí?

Ó wà. Àkójọ òfin ìkọ́lé orílẹ̀-èdè jáde ní 2006, èyí tó jẹ mọ́ ìṣọ́ iná lò nínú ilé sì jáde ní 2017. Ìwé àṣẹ ìkọ́lé láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ jẹ́ dandan kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀. Ìwé ẹ̀rí EDGE, tí wọ́n ń fún ilé tí kì í fi iná àti omi ṣòfò, wà fún ẹni tó bá fẹ́. Ilé gbọ́dọ̀ dín iná àti omi tó ń lò kù ní 20 nínú 100, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kó sì dín ìpalára tí ṣíṣe ohun èlò rẹ̀ ń ṣe fún àyíká kù. Fún ilé ìwé kékeré, èmi á ní kí ẹ fi owó ìwé ẹ̀rí ra gọ́tà.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé agbaṣẹ́ṣe kò rẹ́ wa jẹ?

Ẹ yan ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ tí yóò máa kọ iye àpò sìmẹ́ńtì tó wọlé àti èyí tí wọ́n lò lójoojúmọ́. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ha etí búlọ́ọ̀kù: bó bá ń ṣàn bí ṣúgà, ẹ dá a padà. Ẹ bèèrè pé ta ló ń bomi rin búlọ́ọ̀kù láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ti ilẹ̀ pupa gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ nylon pẹ̀lú ọ̀rinrin fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, kó sì pé ọjọ́ 28 kí wọ́n tó fi kọ́lé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ da dẹ́kì, ẹ gòkè lọ wò bóyá bísíkíìtì, ìyẹn kọnkéré kéékèèké tí wọ́n fi ń gbé irin kúrò lára pákó, wà lábẹ́ irin. Irin tó bá fara kan pákó, ojú ni yóò hàn sí, yóò dípẹtà, ọdún díẹ̀ sí i dẹ́kì á máa já bọ́ lé ọmọ lórí. Bí kọnkéré bá ṣàn bí ògì, omi rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀, kí ẹ sì fún wọn ní omi mu. Ẹni tí a fojú ènìyàn wò kì í fẹ́ fi iṣẹ́ tan ni jẹ.

Ìgbà wo ló dára jù láti bẹ̀rẹ̀?

Àwòrán ni kí ẹ yà nígbà òjò. Ẹ wọ bàtà rọ́bà, ẹ lọ dúró lórí ilẹ̀ náà nígbà tí òjò ń rọ̀, kí ẹ wo ibi tí omi ń gbà. Ẹ tẹ búlọ́ọ̀kù lóṣù kẹwàá, kí ẹ gbẹ́ ìpìlẹ̀ lóṣù kọkànlá nígbà tí ilẹ̀ bá ti gbẹ. Kí òrùlé ti wà lórí kó tó di ìdajì oṣù kẹta, nítorí òjò àkọ́rọ̀ kì í dá wá, ìjì ló ń ṣáájú rẹ̀. Ẹ ní kí káfíńtà fi irin de igi àjà mọ́ ògiri, kó sì fi ìdè onírin (screw) tó ní rọ́bà lọ́rùn de páànù dípò ìṣó lásán, pàápàá ní etí òrùlé, níbi tí ìjì ti máa ń kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.